Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè: "Kí ló dé tí agbára mi ò pa dà?"

Àwọn àgbàlagbà tí pituitary wọn, ẹ̀yà kékeré ìsàlẹ̀ ọpọlọ, kò pèsè họ́mọ̀nù yìí tó mọ́ ni mò ń dá lóhùn, yálà kókó ló bà á jẹ́, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí ìtànṣán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi wú apá ní jíìmù, tiyín kọ́ nìyí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí nǹkan kan.
Ó ti yá jù. Ẹ ní sùúrù.

Ṣé kì í ṣe pé oògùn ti bàjẹ́?
Fíríìjì, 2 sí 8 °C. Tó bá ti dì rí, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má gún ojú kan náà lójoojúmọ́.

Ara mi ti kún, àmọ́ àtẹ̀gùn ṣì ń dá mi lágara.
Omi wà nínú kíkún yẹn. Họ́mọ̀nù yìí máa ń jẹ́ kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń wú, tí oríkèé ń ro, tí ọwọ́ ń kú lóru. Iṣan gidi náà ń pọ̀ o: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1989, tí wọ́n fi àgbàlagbà 24 ṣe, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà fi bíi kìlógíráàmù 5.5 kún ara tí kì í ṣe ọ̀rá, ọ̀rá wọn sì dín ní iye tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iṣan máa ń tóbi kó tó lágbára. Agbára lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì jókòó sójú kan kò ní tètè rí i.

Obìnrin ni mí, IGF-1 mi kò gòkè.
IGF-1, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ń mú kí ara ṣe, ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣé ẹ ń gbé estrogen (họ́mọ̀nù obìnrin) oníhóró mì? Ó máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ẹ bi dókítà nípa èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara.

Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Èyí ni mo bá jà. IGF-1 mi dára, síbẹ̀ itan mi rọ bí aṣọ tútù. Láàárọ̀, mo ní láti di ilẹ̀kùn kọ́ńbọ́ọ̀dù mú kí n tó lè nàró, torí òòyì, èébì a sì máa gbé mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi kún abẹ́rẹ́. Òmíràn ní mi ò jẹun dáadáa. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Dókítà họ́mọ̀nù kan ló wá ní kí wọ́n yẹ cortisol òwúrọ̀ wò, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ara fi ń kojú ìnira, àbájáde rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Ohun tó fà á rèé. Èròjà kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá tó ń sọ cortisone, tí kì í ṣiṣẹ́, di cortisol tó ń ṣiṣẹ́. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè máa ń dín iṣẹ́ èròjà yìí kù. Ẹni tí cortisol rẹ̀ ti ń rá pálá tẹ́lẹ̀, àṣírí á tú. Ó lè tú àìtó họ́mọ̀nù thyroid, ẹ̀yà kan ní ọrùn, náà síta. Nígbà tí wọ́n fún mi ní hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, òòyì lọ, lẹ́yìn náà ni itan mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Bí ẹ bá ti ń lo hydrocortisone tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lè má tó mọ́. Èébì àti dídákú kò ṣeé fi dọ̀la: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣé kí n kàn fi kún abẹ́rẹ́ náà fúnra mi?
Rárá. Mílígíráàmù 0.2 sí 0.3 lóòjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ti arúgbó a tún kéré sí i, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n á fi kún un. Ó tún máa ń gbé ṣúgà sókè. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó fi kún un rárá.