Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí àpò ileostomy kò bá kún bí ó ti yẹ

Ẹni tí dókítà fa ìfun kékeré rẹ̀ yọ sí ara ikùn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní ileostomy, sábà máa ń rí nǹkan bí 500 sí 1,000 mìlílítà nínú àpò lójúmọ́. Bí àpò bá ṣófo fún wákàtí mélòó kan, tí inú ń run tí ó sì ń dákẹ́, ẹ má ṣe lo oògùn tí ń múni yàgbẹ́, ìbáà jẹ́ ti kẹ́míìsì tàbí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kì í ṣí ohun tó dí. Ó kàn ń mú kí ìfun máa tiraka lẹ́yìn rẹ̀ ni, ó sì lè gbẹ omi ara ẹni.

Èyí tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni omi tí ń tú jáde lójijì. Bí oúnjẹ bá dí apá kan ìfun, omi nìkan ni ó ń rọ́nà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti òórùn burúkú, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á tún dúró. Wọ́n á pè é ní ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n á sì gbé loperamide mì, oògùn tí ń mú kí ìfun rọra ṣiṣẹ́. Bí ikùn bá le, tí ẹnu ìfun tó yọ sí ara ikùn sì wú, ìdíwọ́ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ dá oúnjẹ líle dúró. Bí kò bá sí èébì, ẹ mu tíì lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì rọra fọwọ́ pa ikùn yí ẹnu ìfun ká. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Bí ó bá wú, ẹ gé ojú àpò fẹ̀ sí i kí ó má baà fún un.

Àwọn mìíràn a dín omi mímu kù kí àpò má baà tètè kún, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn àti olú ni wọ́n sábà ń dá lẹ́bi, wọ́n sì ń fẹ́ ìjẹkúnná. Ṣùgbọ́n bí ìdíwọ́ bá ń padà wá láìka bí ẹ ṣe ń jẹ oúnjẹ kúnná tó, ó lè jẹ́ pé àpá iṣẹ́ abẹ ló lẹ ìfun mọ́ra, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara sì lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Bí nǹkan kan kò bá jáde fún wákàtí 6 tí inú ṣì ń run, bí èébì bá bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ẹnu ìfun bá dúdú, ẹ má jẹ, ẹ má mu, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìfun kékeré ni, nítorí ìtọ́jú ti ìfun ńlá kọ́ ni yóò bá a mu.