Ìpara Ń Bó Mi Lójú, Kí Ni Kí N Ṣe? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láti Ilé Òògùn Kan n'Íbàdàn

Mọ́kọ́lá ni mo ti ń ta òògùn. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ọ̀rọ̀ ìpara ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń wọlé tọ̀ mí wá: ìpara bó mi lójú, ìpara kò ṣiṣẹ́, ìpara ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó kọjú ìjà sí mi. Mo kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ síbí, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 22 ni mí, Bódìjà ni mò ń gbé. Irorẹ́ gba ojú mi, dókítà wá kọ tretinoin 0.05% fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ojú ń ta mí, ó ń ṣí, irorẹ́ tuntun sì tún ń yọ. Ṣé kí n jù ú nù?

Ìdáhùn: Má jù ú nù, àbúrò. Iṣẹ́ tí a rán ìpara náà ló ń jẹ́.

Mú sẹ́ẹ̀lì awọ kọ̀ọ̀kan bí agboolé n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ara ń rán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Insulin, iṣẹ́ tí ara ń rán nípa ṣúgà, kì í wọlé, ìta ló ti ń kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá fítámì A ni tretinoin, ó ń yọ́ nínú ọ̀rá, ọ̀rá sì ni ògiri sẹ́ẹ̀lì. Kò níí kanlẹ̀kùn rárá, inú ilé ló ń gbà lọ bá mọ́gàjí. Mọ́gàjí yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní nuclear receptor, purotéènì tó ń ṣọ́ àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, nínú yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì. Ti fítámì A, RAR lorúkọ rẹ̀. Kì í dá ṣiṣẹ́. Òun àti igbákejì rẹ̀, RXR, ni wọ́n jọ ń dúró lórí DNA, okùn tí wọ́n kọ àwọn jíìnì sí. Kí iṣẹ́ tó dé, ńṣe ló di àwọn jíìnì kan lẹ́nu. Bí iṣẹ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á yí ìdúró padà, àwọn jíìnì yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Kí wá ni àṣẹ náà? Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì awọ. Wọ́n á máa gòkè, wọ́n á máa gbó, wọ́n á máa le, títí wọ́n á fi kú sókè tí wọ́n á sì já bọ́. Ìrìn yẹn ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tretinoin ń sọ fún àwọn ti ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n bí sí i, ó ń sọ fún àwọn ti òkè pé kí wọ́n tú lára ara wọn. Àwọn tó lẹ̀ mọ́ra nínú ihò irun ló ń dí ihò náà tó fi ń di irorẹ́. Bí wọ́n bá tú, ihò á ṣí. Àmọ́ àwọn ti ojú náà á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òun lo ń rí nínú dígí. Irorẹ́ tó ń yọ yẹn sì ti wà nísàlẹ̀ kó o tó ra ìpara.

Fi í sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ojú sinmi. Lẹ́yìn náà, alẹ́ kan nínú mẹ́ta ni kó o máa lò ó, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lẹ́yìn tí ojú bá ti gbẹ dáadáa. Fi ìpara tó ń mú ara rọ̀ lé e. Ní ọ̀sán, fi èyí tó ń dènà oòrùn. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni kó o fi wọ́n fọ̀, jọ̀ọ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ 12. Bí ojú bá wú, tàbí tó ń ṣomi, padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè sọ ọ́ di 0.025%, tàbí kó fi adapalene rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, Ọjà Ọba ni mo ti ń tajà. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń bá mi po ìpara. Ojú mi kọ́kọ́ dán, wọ́n ń yìn mí. Ní báyìí, bí mo bá jókòó sísọ̀ lọ́sàn-án, ó ń jó mi bí ata. Iṣan pupa ń hàn, irun ń hù lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ó ń burú sí i, ni mo bá tún padà sí i.

Ìdáhùn: Màmá, mo yẹ ike tí ẹ mú wá wò. Kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú yín jọ iṣẹ́ ọwọ́ sitẹrọ́ìdì líle, irú clobetasol tàbí betamethasone.

Mọ́gàjí tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èyí máa ń jókòó sí. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ló ń wọ yàrá lọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ń rán an níṣẹ́ láti ara kókó tó wà lórí kíndìnrín. Àṣẹ rẹ̀ ni pé kí ìbínú ara rọlẹ̀. N kò bá òògùn náà jà: ẹni tí ara rẹ̀ ń yún tó sì wú, ọjọ́ díẹ̀ péré lè gbà á. Àmọ́ ó tún ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́ bíbí, ó ń sọ fún àwọn tó ń hun okùn tó di awọ mú pé kí wọ́n so ọwọ́ rọ̀. Ọdún méjì lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ohun tí wọ́n ń yìn yẹn, àwọ̀ tó ń ṣí ni. Ohun tí ìpara sì ti tẹ̀ rì, bó bá ti kúrò lórí rẹ̀, á dìde. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń jó.

Clobetasol gidi kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 2 léraléra, kì í kọjá gíráàmù 50 lọ́sẹ̀, a kì í sì í fi í pa ojú láìjẹ́ pé dókítà ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá, ṣé ojú nìkan ni? Wọ́n ní rárá, gbogbo ara ni, àárọ̀ àti alẹ́. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí nìyẹn. Bó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kókó orí kíndìnrín lè ti sùn lọ. Ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín. Ẹ gbé ike náà lọ bá dókítà awọ ní UCH, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí ẹ ń bì, tí ara ò gbé e mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ara á bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó ti ya síkùn àti itan kò níí pa rẹ́ tán.

Ìbéèrè: Làpálàpá mi lọ nígbà tí mo fi ìpara alápapọ̀, ó tún dé, ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Sitẹrọ́ìdì tó wà nínú rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó ti ń yún dákẹ́, làpálàpá kò dákẹ́. Ìpara tó ń pa làpálàpá nìkan ni kó o rà.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Mọ́níyà. Ìgbọ̀nwọ́ mi ń hó bí ìpẹ́ ẹja. Dókítà ní psoriasis ni, ó fún mi ní calcipotriol, ó ní ẹbí fítámì D ni. Oòrùn Ìbàdàn kò tó mi ni? Àti pé, ta ló rí àwọn mọ́gàjí tí ẹ ń sọ yìí?

Ìdáhùn: Bàbá, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó fi oṣù kan gòkè, ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń gòkè nínú àìsàn yìí. Kò tíì gbó tó fi dókè, ló bá ń kó jọ bí ìpẹ́. Mọ́gàjí fítámì D, tí wọ́n ń pè ní VDR, ló ń sọ pé: ẹ dín bíbí kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbó. Ti oòrùn ní láti gba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kọjá kó tó di iṣẹ́ tí mọ́gàjí máa gbọ́, ara sì ń wọ̀n ọ́n. Ìpara ń gbé e dé ibi tó ń dùn yín gan-an. Èèṣì ni wọ́n fi rí i, ní Japan, lọ́dún 1985: ẹnì kan ń lo irú fítámì D kan nítorí egungun, psoriasis rẹ̀ bá ń san. Ẹ má kọjá gíráàmù 100 lọ́sẹ̀, kí kálísíọ̀mù má baà pọ̀ lẹ́jẹ̀. Ẹ má sì po ó mọ́ salicylic acid, òògùn tó ń bó ìpẹ́, ó ń bà á jẹ́.

Àwọn tó rí mọ́gàjí? Ọdún 1985 kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ Ronald Evans ní Amẹ́ríkà tú àṣírí ti sitẹrọ́ìdì. Lọ́dún 1987, òun àti Pierre Chambon ní Faransé, kálukú nílé iṣẹ́ tirẹ̀, rí ti fítámì A. Méjìdínláàádọ́ta ni a mọ̀ nínú ara ènìyàn. Àwọn méjèèjì àti Elwood Jensen, tó ti ṣáájú wọn rí ti họ́mọ̀nù obìnrin, jọ gba ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ńlá ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004.

Ìbéèrè: Mo lóyún oṣù méjì, mo ṣì ń lo tretinoin.

Ìdáhùn: Dá a dúró lónìí, kó o sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ. RAR kan náà ni ọmọ inú fi ń ṣètò orí àti ọkàn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé mì, isotretinoin, ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara. Ti ìpara kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, má fòyà. Ṣùgbọ́n a kì í fi oyún ta tẹ́tẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú máa fi epo pupa para? Wọ́n ní fítámì A wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: Inú ẹ̀fọ́ ni kó o ti jẹ ẹ́. Ara ló ń sọ pupa inú rẹ̀ di fítámì A. Èyí tó o bá pa sára, dídán lásán ni. Ẹni tí fítámì A kò tó lára rẹ̀, awọ rẹ̀ ń le kókókó bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó ń gbé hóró rẹ̀ mì ní àpọ̀jù, awọ tirẹ̀ náà ń gbẹ, ètè ń sán.

Ìbéèrè: Ojú fèrèsé ni mo ń tọ́jú tretinoin mi sí. Ṣé kò burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Ìmọ́lẹ̀ ń pa á, ìdí tí a fi ń lò ó lálẹ́ nìyẹn. Benzoyl peroxide, òògùn irorẹ́ mìíràn, náà ń bà á jẹ́ bí a bá pa wọ́n pọ̀. Kó o wá ra tuntun, kó o sì fi í sínú dúrọ́ọ̀.