Bí a ṣe ń ya odò Mackenzie láì wo máàpù

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé Ọ̀ṣun ń ti òkè ilẹ̀ bọ̀, ó ń ṣàn sí gúúsù títí tó fi wọ ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní jọ́gíráfì nírọ̀lẹ́ fi máa ń ya gbogbo odò láti òkè bébà wá sísàlẹ̀. Mackenzie ti àríwá Kánádà kò rí bẹ́ẹ̀. Àríwá ló ń ṣàn lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ bébà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi bébà fẹ́lẹ́ dà á kọ o. Ẹni tó bá dà á kọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ mú bébà fúlúsíkáápù kan, kí ẹ gbé e dúró lóòró. Ẹ fa ìlà kan nísàlẹ̀, kí ẹ kọ 60 sí i, ìyẹn díígírì látitúùdù, tó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, síhà àríwá. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 20 sókè, ẹ fa òmíràn, ẹ kọ 70. Díígírì kan wá di sẹ̀ǹtímítà 2. Ní sẹ̀ǹtímítà 13, ẹ fa ìlà Arctic Circle, ìlà tó yí ìpẹ̀kun àríwá ayé ká, 66 àti ààbọ̀. (Ẹ̀pẹ́ tiwa kò ju nǹkan bíi 6 àti ààbọ̀ lọ.)

Adágún Great Slave ló kàn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, láàárín 61 sí 63. Kò sí adágún tó jìn tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà: mítà 614. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ni odò ti jáde. Ẹ fà á lọ sápá òsì dé Fort Simpson, tí kò tíì pé 62. Ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Odò Liard ló ń ti àwọn òkè bọ̀ wá pàdé Mackenzie níbẹ̀. Tí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, gúúsù ni yìnyín ti kọ́kọ́ ń yọ́. Liard á kún, á fọ́ yìnyín tó bo ojú odò, á máa tì í lọ. Ṣùgbọ́n iwájú ṣì dì gbagidi. Yìnyín á ṣù mọ́ yìnyín, á dínà, omi á yà wọ ìlú. Ohun tó lé àwọn ará Fort Simpson kúrò nílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 nìyẹn. Ká ní gúúsù ló ń lọ bí Ọ̀ṣun ni, iwájú ni ìbá kọ́kọ́ yọ́, omi ìbá sì rọ́nà lọ. Báírò pupa ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ya ọfà síbẹ̀.

Ó kù, ọwọ́ lè yá. Ẹ darí odò sí àríwá, kó máa tẹ̀ sápá òsì. Ní Tulita, ní bíi 65, omi adágún Great Bear wọlé láti ọ̀tún. Norman Wells, ìlú epo rọ̀bì, tẹ̀lé e. Fort Good Hope kò tíì dé ìlà 66 àti ààbọ̀ yẹn. Ibí ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í jù. Lẹ́yìn 67, ẹ pín odò sí ẹ̀ka mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlú Aklavik wà lósì, ìlú Inuvik lọ́tún. Nítòsí 69 ló wọ Òkun Beaufort, tó jẹ́ apá kan Òkun Arctic. Alexander Mackenzie tó tọ odò yìí dé òkun ní 1789, Òkun Pàsífíìkì ló ń wá!

Tí ẹ bá parí, ẹ ṣí máàpù gidi, ẹ tẹ́ òwú ìránṣọ lé odò náà, kí ẹ wá nà án sórí ìlà ìwọ̀n. Yóò kúrú ju kìlómítà 1,738 tí ìwé ń sọ lọ, torí máàpù kékeré kì í ya gbogbo kọ́lọ́kọ̀lọ̀. Tí ẹ bá rí 4,241 níbòmíràn, wọ́n ti ka Slave, Peace àti Finlay tó ń gbé omi wá sínú adágún mọ́ ọn ni. Ẹ kọ èyí tí ẹ lò sábẹ́ àwòrán, kí ẹni tó ń máàkì má baà fagi lé e.