Ẹ̀gùn tí mo kàn sí oko wa lọ́nà Ìjàyè, àti ilẹ̀kùn mẹ́ta tó fojú mi rí màbo

Ilẹ̀kùn ló fìyà jẹ mí jù. Ẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi gíga tí ọdẹ ń jókòó sí de ẹran, ọjọ́ mẹ́rin la fi kàn án tán, èmi àti káfíńtà kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ ni mo fi oṣù méjì ààbọ̀ pààrọ̀ títí tó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Oko bàbá mi wà lọ́nà Ìjàyè, téèyàn bá ti kọjá Mọníyà. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n tún ń dáko. Iṣẹ́ iná mànàmáná lèmi ń ṣe nígboro Ìbàdàn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ma wọ Máíkírà dé Mọníyà, ma gun ọ̀kadà wọ oko. Ẹ̀gùn tí bàbá mi mọ̀, orí igi ló máa ń wà. Wọ́n á wá igi tó pẹ̀ka dáadáa, wọ́n á to ọ̀pá sórí ẹ̀ka náà, wọ́n á fi ìtàkùn dì í, ọdẹ á gùn ún nírọ̀lẹ́, ó di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọdún mẹ́ta lèmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ni oorun gbé mi lọ lórí igi. Ìbọn ló kọ́kọ́ já bọ́, ìró rẹ̀ ló jí mi kí èmi náà tó tẹ̀lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì ki ẹtù sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pinnu pé ẹ̀gùn tó ní ògiri, tó ní òrùlé, tó ní ilẹ̀kùn ni mo máa kàn.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

"Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ta ni yóò wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọ lórí lókè ibẹ̀? Ìgalà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ná."

Èrò tèmi ni pé tí ẹ̀yìn ẹ̀gùn bá ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá á gba ẹ̀yìn ọdẹ wọlé, orí rẹ̀ á wá dúdú rìbìtì lójú fèrèsé. Ẹran ò nílò láti mọ ohun tó rí. Kó sáà ti rí i pé nǹkan mì, ó ti lọ nìyẹn. Ọyẹ́ náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti fi ẹ̀yìn gba ọyẹ́ mọ́jú nínú oṣù kejìlá kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ ilẹ̀kùn.

Ibi tí a ó fi í sí, bàbá mi ló yàn án. Wọ́n bu eérú sọ́wọ́, wọ́n ń dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lásìkò òjò, ọ̀nà òkun ló ti ń wá, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Odò kékeré tí ẹran ti ń mumi wà lápá àríwá oko, ẹ̀gẹ́ tí ọ̀yà ò jẹ́ ká gbádùn sì wà láàárín. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá gúúsù oko, la wá gbé ẹ̀gùn sí, kí afẹ́fẹ́ máa gbé òórùn ẹran wá bá mi, kó má gbé tèmi lọ bá wọn. Tí òjò bá dé, ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Mo mọ̀. Ọyẹ́ ni mo torí ẹ̀ kàn án.

Igi àyín ni opó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú oko la ti gé e. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: 2 wọlẹ̀, 10 wà lókè. A fi iná jó ìdí wọn díẹ̀, a fi ọ́ìlì dúdú tí mo gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì kùn ún nítorí ikán, a wá fi òkúta kì í mọ́lẹ̀ nínú ihò. Káfíńtà ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá yasẹ̀ láti gbé ẹrù, torí ohun tó bá dúró gangan ní gíga bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á máa fì í. A tún fi igi dábùú láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Pákó ilẹ̀ àti ti ògiri, ọjà pákó Bódìjà ni mo ti rà á. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, díẹ̀ ló kù kí n jókòó sílẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 níbùú, 5 lóròó. Síkúrù la fi so pákó mọ́ra, a ò lo ìṣó, torí pákó tútù tí wọ́n kàn níṣòó, tó bá gbẹ tán, á máa ké lábẹ́ ẹsẹ̀. Rọ́ọ̀gì ògbólógbòó tí ìyàwó mi ní kí n lọ jù nù ni mo tẹ́ sílẹ̀. Páànù ni òrùlé, ṣùgbọ́n a to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí kó má báa máa dán lójú òṣùpá. Àkàbà wà lẹ́yìn, níbi tí ẹran kì í gbà.

Ẹ má ṣe gbé ìbọn gun àkàbà o. Okùn ni mo ń so mọ́ tèmi, kò ní sí ẹtù nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Tí mo bá jókòó tán ni mo tó ń fà á gòkè.

Ó wá ku ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ni, ilẹ̀kùn páláńkẹ́ kan ṣẹ́kù, ọ̀fẹ́ ni. A gé e kúrú, a fi hínjì méjì gbé e kọ́, a jẹ́ kó máa ṣí síta kó má gbà mí láyè nínú. Ọgbọ́n nìyẹn lójú mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá gùn ún ni mo rí i pé tí mo bá dúró lórí àkàbà tí mo fà á, àyà mi ló ń bọ̀ wá kàn. Àfi kí n sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, kí n fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, kí n fi ọwọ́ kejì ṣílẹ̀kùn lókè orí. Lóru, atẹ́gùn já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe fẹ́ jáde, díẹ̀ ló kù kó fà mí lọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló lé e lọ. Òjò kan tí kò yẹ kó rọ̀ mọ́ rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, èmi sì wà nínú. Páláńkẹ́ yẹn mumi yó, ó wú, ó há mọ́ férémù. Mo tì í, mo fi èjìká gbá a, kò mira. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ wá àkàbà kiri bí afọ́jú, bàbá mi sì dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wò mí.

Wọ́n ní, "Pańpẹ́ lo kàn, o ò kàn ẹ̀gùn. Ó sì ti mú ẹran ńlá."

Inú bí mi débi pé irin ni mo sáré lọ ṣe. Wẹ́dà kan jó férémù, ó bo páànù mọ́ ọn, a jẹ́ kí eléyìí máa ṣí sínú. Òjò ò lè rí i gbé ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó mú kí ẹ̀gùn rọ̀ sí apá kan, a tún ní láti fi igi mìíràn tì í. Èyí tí mi ò sì rò rárá ni pé irin tó bá ti yá oòrùn láti àárọ̀, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, á máa tutù, á máa dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Àkókò tí ẹran ń jáde gan-an nìyẹn. Mo fi gíríìsì sí hínjì, eruku ọyẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó túbọ̀ ń han. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ìgalà kan sọ̀ sódò nígbà tí ojú ọ̀run ń pọ́n, ó tẹrí ba, ó ń mumi. Mo rọra yí padà kí n mú ìbọn, orúnkún mi kan ilẹ̀kùn. Gbọ̀ọ̀! Ìrù funfun rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn. Ilẹ̀kùn yẹn wà ní ilé adìyẹ bàbá mi báyìí, ó sì wúlò gan-an níbẹ̀.

Ọdún tuntun la lọ kí àwọn ẹbí ní agboolé wa ní Ọjẹ́. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí látayé bàbá bàbá mi. Mo ti ń rí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti kékeré, mi ò wò ó rí. Kò ní hínjì kankan. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́. Lápá kan, wọ́n fi igi náà sílẹ̀ kó yọ lókè, kó yọ nísàlẹ̀ bí àtàǹpàkò, ìyẹn ló wọ inú ihò lára igi àtẹ́rígbà àti nílẹ̀, òun ló fi ń yí. Mo fi ìka kan tì í. Kò dún. Mo fà á padà, kò dún. Àbúrò bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń wá nínú yàrá òkùnkùn, mo ní kò sí.

Mo yà á sínú fóònù, mo gbé e lọ bá káfíńtà. Ó wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, èyí dáa, àmọ́ igi lórí igi, tó bá gbẹ á máa ké. Ẹ ra òrí." Igi arère la fi ṣe é, torí ó fúyẹ́, àmọ́ arère kì í pẹ́ jẹrà tí òjò bá ń pa á, nítorí náà a fi Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí igi bàjẹ́, kùn ún, mo sì fi í síta nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òórùn yẹn tó kúrò. Ẹni tó bá gbé e kọ́ lọ́jọ́ tó kùn ún, kó lọ sùn sílé. Àyín la fi ṣe ibi tó fi ń yí, a sì fi òrí kún ihò méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ló fẹ̀, 4 ló ga, mo ń tẹ̀ wọlé. Ó ń ṣí sínú, sí ọwọ́ òsì, níbi tí kò sí fèrèsé. A kan tíúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ férémù yípo kó má máa gbá pákó tó bá padé, a fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi rí ọ̀nà jáde, mo sì ta aṣọ dúdú sí i nínú. Kò sí irin kankan lára rẹ̀. Okùn àti èèkàn igi ni mo fi ń tì í.

Ìparí oṣù kìíní la gbé e kọ́. Àwọn èèyàn ti ń jógbó kiri nígbà yẹn, a kọ́kọ́ ro ìdí ẹ̀gùn yípo kí iná má báa dé ibẹ̀. Lóru àkọ́kọ́, akika kan rìn kọjá lábẹ́ mi gẹ́lẹ́, ó ń fà wúrúwúrú nínú ewé gbígbẹ. Òfin ò fẹ́ ká pa á, mo wò ó títí tó fi lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí ilẹ̀kùn, mo ti pa á dé lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjá, kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo pa ọ̀yà méjì nínú ẹ̀gẹ́.

Tí ẹ bá fi ẹ̀gùn yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ọ̀pá gún ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè. Agbọ́n fẹ́ràn ibi tó ní òrùlé. Apá òsì mi ló kọ́ mi.

Bàbá mi gun ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pa á dé, ó tó ìgbà mẹ́rin. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ní kí n na àpótí ìjókòó àwọn sókè.

Báyìí, tí mo bá dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mò ń kan ilẹ̀kùn.