Ẹ Yé Tìtorí Páálí Ra Power Pack: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Graphics Card Sínú Kọ̀ǹpútà

Láàárín oṣù kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n gbé wá bá wa, tí gbogbo wọn ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu àwọn tó ni wọ́n jáde: “Wọ́n kọ 650 watt sára páálí power pack rẹ̀.” Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹni tó tẹ páálí ló kọ ọ́.

A ò ní í kọ́ yín bí a ṣe ń tú kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ kì í ṣe ni pé kí ẹ yí power pack, àpótí tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka sítíkà ara rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí. Ibẹ̀ ni graphics card, èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà, ti ń jẹun; 3.3V àti 5V kò kàn án. Ẹ sọ iye amp tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po 12, watt tí ẹ rà gan-an nìyẹn. Èyí tí wọ́n gbé wá kẹ́yìn, 18 amp ló wà lára rẹ̀: 216 watt péré! Graphics card RTX 3060 tí wọ́n so mọ́ ọn ń gba 170 watt, processor Core i5-12400F inú kọ̀ǹpútà náà sì lè gba 117 bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ ro ó pọ̀ kí ẹ wò ó.

Power pack 550 watt tó jẹ́ 550 lóòótọ́ máa ń ní nǹkan bí 45 amp lórí 12V. Bí ẹ bá rí 12V1 àti 12V2, ìyẹn 12V tí wọ́n pín sí méjì, ẹ má kàn ro méjèèjì pọ̀. Àpapọ̀ watt tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn ni kí ẹ gbà.

Iye watt power pack tí card kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ rèé. RTX 3060 tàbí 4060: 550. RTX 3070: 650. RTX 3080, tó ń gba 320 watt: 750, kó má dín rárá, torí card náà máa ń fò sókè ju 320 lọ ní ìṣẹ́jú akàn. RTX 4090: 850. Ẹni tó lówó ìyẹn kò yẹ kó máa ná power pack bí ẹni ń ná tòmátì. GTX 1650 tí kò ní ihò wáyà ní tiẹ̀, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti ń gba 75 watt rẹ̀. 300 tó o.

Ẹ ń fi gbogbo owó ra card, ṣénjì tó ṣẹ́kù lẹ wá ń fi ra power pack tokunbọ̀ tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Kò ní 8-pin, wáyà tí card fi ń gba iná, ni ontajà bá fún yín ní wáyà àsopọ̀ tí ẹ máa ki bọ wáyà SATA, èyí tí wọ́n ṣe fún hard disk. Wáyà SATA kò lè gbé ju 54 watt lọ. 8-pin lè fa 150. Ibi tí òórùn rọ́bà ti ń wá nìyẹn.

Card tó bá ní ihò 8-pin méjì, wáyà méjì ni kí ẹ fà wá láti inú power pack, kì í ṣe ẹyọ kan tó ní orí méjì. Ẹ má sì yá wáyà power pack mìíràn lò. Ẹnu rẹ̀ lè wọlé dáadáa, kí iná inú rẹ̀ má bá ibi tó yẹ lọ, kó sì pa hard disk yín.

Bí bọ́tìnnì pupa kékeré bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó ki wáyà bọ ògiri. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí 115, gbàù lẹ máa gbọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ontajà ṣí páálí, kí ẹ fojú ara yín ka sítíkà. Bó bá ní òun ò lè ṣí i, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.