Bí a ṣe ń ka ohun abẹ̀mí orí ilẹ̀ kí a tó kọ́lé sí i

Kí katapílà tó wọlé ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti hú dànù, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ilẹ̀ tí wọ́n gbá láìku igi kan lọ́nà Ọ̀fàtẹ̀dó nítòsí Òṣogbo, nítorí púpọ̀ nínú àwọn igi bẹ́ẹ̀ kì í sí lójú ibi tí ilé máa dúró rárá.

Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀fẹ́yọ̀, kí ẹ rin ilẹ̀ náà ká ní kùtùkùtù. Ẹ sàmì sí igi ńlá, ọ̀gán, àkùrọ̀, àti ojú ọ̀nà omi, ì báà tilẹ̀ gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ẹ mú ẹlẹ́wé ọmọ kan àti ọdẹ kan dání, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn. Ẹlẹ́wé ọmọ ló mọ orúkọ ewé, ọdẹ ló mọ ipasẹ̀ ẹranko.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn wọn ojú ilẹ̀ onígun mẹ́rin mẹ́ta, mítà 20 sí mítà 20 lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan létí omi, ọ̀kan lóko àtijọ́, ọ̀kan nínú igbó. Ẹ ri òpó kékeré mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ ó padà wá. Ẹ ka gbogbo igi inú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ wọn, kí ẹ sì fi téèpù wọn bí ara igi ṣe tóbi tó ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀. Fún ẹyẹ, ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 ní ìdájí, kí ẹ kọ gbogbo ohùn tí ẹ bá gbọ́. Ẹ padà lálẹ́ nítorí adán àti òwìwí. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣe nígbà òjò, torí àkèré àti ọ̀pọ̀ ewéko kì í hàn nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Kì í ṣe pípọ̀ nìkan là ń wò. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá lè bo ilẹ̀ kó tutù yọ̀yọ̀ lójú, ṣùgbọ́n àjòjì láti Amẹ́ríkà ni, ó sì ń fún ewéko yòókù pa. Ìrókò kan ṣoṣo níyì lójú mi ju ìyẹn lọ: adán ń jẹ èso rẹ̀, ó sì ń fọ́n kóró rẹ̀ kiri.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti le jù ni etí odò. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ. Ẹyẹ àti ẹranko inú rẹ̀ nílò igi etí odò tí wọ́n máa gbà jáde, kí wọ́n sì tún gbà wọlé. Ẹ má kọ́ nǹkan kan sí mítà 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ẹ má sì da kọnkéré sí i.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Èrèlé ọdún 2024, òfin ní kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́lé fi ohun abẹ̀mí kún ilẹ̀ ju bí wọ́n ṣe bá a lọ, ó kéré tán pẹ̀lú ìdá 10 nínú 100, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 30. Kò sí ohun tó ní kí àwa má gbìyànjú irú rẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣọgbà yí igi tí ẹ fẹ́ dá sí ká títí dé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé, kí wọ́n má da yanrìn sídìí rẹ̀. Ẹ kó erùpẹ̀ dúdú ojú ilẹ̀ pamọ́. Ẹ má dáná sun pàǹtí. Ẹ lu ihò sísàlẹ̀ ògiri kí ọ̀pọ̀lọ́ lè kọjá. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin àgbálùmọ̀, akòko, ìyeyè, apá. Ẹ má kàn gbin igi másíkúréèdì tí gbogbo ènìyàn ń tò síwájú géètì.

Lẹ́yìn ọdún kan, àti lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ padà sí òpó yẹn, kí ẹ tún kà. Èyí tó bá kú nínú ohun tí ẹ gbìn, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí òjò ọdún náà tó dá.