Bí A Ṣe Ń Yan Ìwọ̀n Táyà Tó Bá Jíìpù Fó-Wíìlì Mu

Bóyá ní títì Táíwò n'Ílọrin lẹ ti fẹ́ ra táyà ni o, tàbí lẹ́bàá títì ní Ọ̀fà, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa dé mọ́. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n táyà tó tọ́ sí ọkọ̀ wà níbẹ̀, iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ fẹ́ sí i náà wà níbẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé táyà tí ẹ bá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, torí ẹni tó lò ó ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wù ú.

Ká ní 265/70R16 lẹ bá níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ Prado àti Hilux. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 kì í ṣe mìlímítà o, ibẹ̀ ló ti máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó ń sọ ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. R ni rédíà, bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀ nìyẹn. 16 ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì, táyà 16 kò sì lè wọ ríìmù 17 láéláé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò gíga rẹ̀. Ìdá 70 nínú 100 ti 265 jẹ́ 185.5. Ẹ̀gbẹ́ kan wà lókè ríìmù, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, nítorí náà ó di 371. Ríìmù ínṣì 16 jẹ́ mìlímítà 406.4. Ẹ pa á pọ̀, ó di 777.4. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 265/65R17, 776.3 lẹ máa bá. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ lo ríìmù 17 fi lè fi í sí i láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n 285/75R16 tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jẹ́ 833.9. Ó fi bí ìdá 7 nínú 100 ga jù. Tí aago eré bá ń ka 100, ọkọ̀ ti ń sá 107. Ẹ́ńjìnnì á máa làágùn, bíréèkì náà á ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní tèmi, mi ò ní kọjá ìdá 3 nínú 100.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Nígbà kan, mo ra táyà tuntun méjì sẹ́yìn jíìpù mi, mo fi àwọn tó ti ń pá sílẹ̀ níwájú. Láti Ìlọrin dé Ajàṣẹ́-Ìpo, mi ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn Òmù-Àrán la yà sí ọ̀nà oko kan tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀. Mo wọ fó-wíìlì, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a jáde. Mo wá gbàgbé láti yọ ọ́ nígbà tí a dé títì ọlọ́dà. Sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í le, nǹkan ń dún gbì-gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ yọ ọ̀pá jíà kékeré náà, ó há. Mẹkáníìkì tí mo pè lórí fóònù ní kí n wọ rìfáàsì, kí n rọra fà sẹ́yìn. Ó dún kà! Ó tú.

Táyà tó kéré ní láti yí ju èyí tó tóbi lọ kí wọ́n tó jọ rin ìwọ̀n ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni jíà ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn tí fó-wíìlì bá ti wọlé, wọ́n á wá máa fa ara wọn. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, ìfàgbára náà á tú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tó máa yọ̀ sí, jíà ló máa jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín dọ́gba, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà iwájú àti tẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti kan ilẹ̀, kí ẹ sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ náà. Ẹ ti ọkọ̀ títí ìlà á fi tún kan ilẹ̀, kí ẹ tún sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù wọn àárín àmì méjèèjì fún táyà iwájú àti fún tẹ̀yìn, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, bíi 112S. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kílò 1,120, S sì ni pé eré tó lè sá kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 180 ní wákàtí kan lọ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu kò gbọ́dọ̀ ra èyí tó rẹlẹ̀ sí ti ara ìwé ilẹ̀kùn. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2323 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023. Mi ò kì í ra èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́rin, bó ti wù kó dán tó. Ní ti ojú táyà, èyí tí wọ́n kọ A/T (all-terrain, ìyẹn èyí tó wà fún onírúurú ọ̀nà) sí lára tó fún títì àti ọ̀nà oko wa.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà lósì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bóyá táyà ń ha mọ́dígáàdì. Ẹ yẹ táyà sípíà náà wò, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àwọn mẹ́rin yòókù mu.